Màmá Rédíò, Ẹni Tó Máa Ń Gbọ́ Ilé

Bí Màmá wa bá dé ibikíbi, wọn kì í tètè jókòó. Wọ́n á dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n á fi àpò kọ́ apá, wọ́n á dijú, wọ́n á sì na ìka kan sókè kí gbogbo wa lè panu mọ́. "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ilé ná." Àlejò tí kò mọ̀ wọ́n á rò pé àdúrà ni wọ́n fẹ́ gbà. Àwa ọmọ ilé mọ̀ pé fìríìjì ni wọ́n ń gbọ́, tàbí páìpù omi gbígbóná tó ń súfèé nínú ògiri. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó bọ́ bàtà, tí wọ́n á sì sọ ohun tó ń ṣe ilé náà fún onílé, yálà onílé bi wọ́n tàbí kò bi wọ́n.

Wọ́n ti lọ báyìí. Wọ́n sùn, wọn ò jí, pẹ̀lú ọwọ́ kan lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, irú ikú tí wọ́n máa ń tọrọ gan-an. Mo sunkún, n kò ní purọ́. Àmọ́ bí mo bá ń rántí wọn, ẹ̀rín ló máa ń kọ́kọ́ pa mí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Èmi ni Àkànkẹ́, àkọ́bí nínú àwọn ọmọ ọmọ wọn. Orúkọ tí wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́ ní Sandton, ní Johannesburg níbí, kò kan Màmá, torí wọn ò pè é rí.

Ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Kì í ṣe pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ o. Ẹ̀yìn gíláàsì ni wọ́n jókòó sí, àwọn ni wọ́n ń ṣètò ohùn àwọn tó ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí bàbá àgbà kú, ìyá mi, tó ń ṣe dókítà ní Soweto, ní Màmá ò ní dá gbé Iléṣà mọ́, ó sì mú wọn wá sí Johannesburg kí wọ́n wá sinmi. Ìsinmi náà kò kọjá ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́. A mú wọn dé ìjọ wa, sípíkà han gooro, Màmá sì kọ̀ láti jókòó títí ìwàásù fi parí. Nígbà tí a ń padà lọ sílé ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ ìyá mi pé, "Ṣé bí ẹ ṣe máa ń ṣe é nìyí, tí Ọlọ́run ò sì bínú?"

Aládùúrà ni wá, aláṣọ funfun. Bàtà kì í wọ ilé ìjọsìn wa. Gbọ̀ngàn àtijọ́ kan nítòsí Joubert Park ni a háyà, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ńtì, tí à ń fọ̀ láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Ohun èlò wa kò pọ̀: gìtá onígi kan, àkúbà méjì, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo, àti ohùn àwa fúnra wa. Síbẹ̀ ohun tó ń ti inú sípíkà jáde tí kì í ṣe orin pọ̀ ju orin lọ. Láàárín oṣù díẹ̀, Màmá ti gba àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ míkísà, àpótí tí wọ́n fi ń darí gbogbo ohùn, ìjọ sì ti sọ wọ́n ní Màmá Rédíò.

Ṣọlá ni olórí akọrin wa. Ẹgbẹ́ mi ni, ọkùnrin rere ni, àmọ́ kò ní sùúrù rárá. Bí ariwo bá dé, Ṣọlá á fa gbogbo wáyà yọ, á kì wọ́n bọ̀ ọ́ padà, á sì gbàdúrà. Nígbà mìíràn ó máa ń ṣiṣẹ́. Màmá kórìíra rẹ̀ jù bó bá ṣiṣẹ́, torí kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tó ṣe é. Tiwọn ni pé kí ó yí gbogbo bọ́tìnì wálẹ̀ títí ilé á fi dákẹ́ rọ́rọ́, kí ó wá máa gbé wọn dìde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Máìkì àkọ́kọ́, ó dákẹ́. Èkejì, ó dákẹ́. Ti gìtá, ó kùn. A ti mọ ilé tó ń gbé nìyẹn. Wọ́n á ní kó pààrọ̀ wáyà, wáyà nìkan, kó má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Ẹni tó bá pààrọ̀ nǹkan méjì pa pọ̀, wọ́n á lé e lọ jókòó. Ṣọlá á ní bóyá ẹ̀mí àìmọ́ ló wà níbẹ̀. Màmá á ní àdúrà dára, kó máa gbà á lọ, "Àmọ́ ariwo kò lẹ́sẹ̀, Ṣọlá. Ẹnìkan ló gbé e wọlé."

Ọ̀rọ̀ yìí bọ́ lé àwọn fúnra wọn lórí lọ́jọ́ kan, mo sì dúpẹ́ pé ó ṣojú mi. Sípíkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tẹ́-tẹ́-tẹ́, tẹ́-tẹ́-tẹ́, láàárín àdúrà. Màmá mọ̀ pé fóònù ni, wọ́n sì gbé apẹ̀rẹ̀ ká gbogbo akọrin kí wọ́n kó fóònù wọn sí i. Ariwo kò lọ. Wọ́n fura sí onílù, wọ́n fura sí wòólì, wọ́n tilẹ̀ fura sí Sipho, ẹni tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn náà, tó dúró jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àfi ìgbà tí mo rí i tí iná ń tàn yẹ́ríyẹ́rí nínú àpò Màmá, àpò tí wọ́n fúnra wọn gbé ka orí míkísà. Ìyá mi ló ń pè láti ibi iṣẹ́, ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Ìjọ rẹ́rìn-ín títí ó fi di pé wọ́n gbé orin ẹ̀rín. Màmá dìde, wọ́n rìn dé iwájú akọrin, wọ́n kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ń dùn wọ́n, wọ́n ní, "Ẹ má bínú. Èmi ni mo gbé e wọlé."

Ìjà wọn pọ̀, àmọ́ kì í ṣe ìjà burúkú. Wọ́n bá àwọn ọ̀dọ́kùnrin akọrin jà nítorí pé wọ́n máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ bo orí máìkì bí àwọn olórin ìgboro. Wọ́n ní bó o bá di ẹnu máìkì, á pariwo, ìwọ náà á pariwo bí wọ́n bá di tìrẹ. Wọ́n bá ẹni tó bá ní òun kò gbọ́ ohùn ara òun jà, torí kálukú ló fẹ́ kí tòun lọ sókè, títí gbogbo rẹ̀ á fi lọ sókè, tí sípíkà á sì fi igbe ta. Tiwọn ni pé kí wọ́n dín ẹnì kejì kù díẹ̀. Ìjà tó dùn jù ni ti wòólì. Bí ẹ̀mí bá gbé wòólì wa, á mú máìkì lọ́wọ́, á rìn lọ síwájú sípíkà gan-an, ilé á sì han goooro tí àwọn ọmọdé á fi di etí. Ta ló máa sọ fún wòólì? Màmá sọ ọ́. Wọ́n lọ bá a lẹ́yìn ìsìn, wọ́n kúnlẹ̀ kí i dáadáa, wọ́n wá ní, "Bàbá, ẹ̀mí lè gbé yín débi tó bá wù ú, àmọ́ ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó má gbé yín kọjá sípíkà." Wòólì rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ̀mí bá gbé e, apá òsì ló máa ń yà sí.

Bí inú bá bí wọn, èdè Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n máa fi ń bínú, n kì í sì í gbọ́ ju ìlàjì lọ. Ìyẹn náà dára. Ó jẹ́ kí n fẹ́ràn wọn kódà nígbà tí wọ́n ń bá mi wí.

Mo ti ń yí ọ̀rọ̀ Fúnkẹ́ ká láti òkè wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ wàyí.

Fúnkẹ́ ló ń ta gìtá wa, òun náà ló ń lé orin. Ìyá rẹ̀ kú ní Nàìjíríà nígbà tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìjọba fún àtúnṣe, bó bá sì jáde kúrò ní South Africa nígbà náà, kò ní lè padà wọlé. Orí fóònù ló ti wo ìsìnkú ìyá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sunkún. Ó sọ fún mi pé òun ń gbàdúrà bí ẹni tó ń bá ògiri sọ̀rọ̀, pé òun ń kọrin nítorí pé Ṣọlá kọ orúkọ òun sílẹ̀ ni.

Nígbà náà, gìtá rẹ̀ ń kùn. Kì í ṣe igbe, ìkùn jẹ́jẹ́ ni, bí oyin tó wà nínú igi, kò sì jẹ́ kí Màmá gbádùn orin kankan. Ámúpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá jáde, ń mu iná láti sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà nínú ọgbà pẹpẹ. Míkísà ń mu tirẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Obìnrin kì í wọ ọgbà pẹpẹ wa, nítorí náà Màmá kò lè lọ fojú ara wọn wo ìdí ámúpù. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni pé kí wọ́n máa da Ṣọlá láàmú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi kan, ìkùn náà kò sí mọ́. Gìtá dún ketekete. Màmá pàtẹ́wọ́ fún Ṣọlá níwájú ìjọ, wọ́n ní ọmọ gidi ni, wọn ò sì bi í bó ṣe ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, Fúnkẹ́ dìde láti jẹ́rìí. Ó ní ohun kan ti ń ṣẹlẹ̀ sí òun. Bí òun bá ń kọrin, tí ọwọ́ òun wà lára gìtá, tí ẹnu òun bá kan máìkì, nǹkan á rìn lórí ètè òun bí èèrà, á sì gba apá òun kọjá. Ó ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó le tó bẹ́ẹ̀ tí òun fi bú sẹ́kún, ẹkún tí òun kò rí sun láti ìgbà tí ìyá òun ti kú. Ó ní Ọlọ́run ti rántí òun. Ìjọ kígbe halelúyà. Èmi náà kígbe, omi sì bọ́ lójú mi. Ìgbà tí mo wo ẹ̀gbẹ́ mi ni mo rí i pé ọwọ́ Màmá ti dúró lófuurufú, wọn ò pàtẹ́wọ́ mọ́.

Ìsìn parí, wọ́n ní kí Ṣọlá lọ yọ púlọ́ọ̀gì ámúpù kúrò nínú ọgbà pẹpẹ, kó mú un wá. Ṣọlá ní kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Wọ́n na ọwọ́. Púlọ́ọ̀gì South Africa ní ẹsẹ̀ róbótó mẹ́ta, èyí tó tóbi jù nínú wọn ló ń kó iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Méjì ló kù lára ti ámúpù wa. Ṣọlá ti fi ayùn irin gé ẹ̀kẹta, torí ẹnìkan sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pa ìkùn. Òótọ́ ni, ó pa ìkùn. Iná tó yẹ kó gba ẹsẹ̀ náà lọ sílẹ̀ wá ń gba okùn gìtá wọ ara Fúnkẹ́, ó ń gba ètè rẹ̀ jáde sí máìkì, òun sì dúró láìwọ bàtà lórí sìmẹ́ńtì tútù. Màmá ká wáyà náà, wọ́n tì í bọ inú àpò wọn. Wọn ò bú Ṣọlá. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà kì í dá rìn wọlé. Èmi ni mi ò béèrè ẹni tó gbé e wá."

Wọn ò sọ ọ́ níwájú ìjọ. Ilé ìdáná tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn ni wọ́n pe Fúnkẹ́ sí, èmi sì wà níbẹ̀, mo ń fọ ife. Wọ́n fi púlọ́ọ̀gì náà hàn án, wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún un ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé, wọ́n ní ọjọ́ tí iná náà bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè pa á. Fúnkẹ́ tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ méjì náà títí. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò jọ tirẹ̀.

"Eish, Màmá. Ẹ ò bá kúkú ti fi í sílẹ̀ fún mi."

Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Iná ló fọwọ́ kàn ọ́ létè, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Kì í ṣe iná ló sunkún."

Fúnkẹ́ yọ ọwọ́ rẹ̀. Ó mú bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì lọ.

Ìkórè wa ku ọ̀sẹ̀ kan péré. Àwọn olórí ìjọ láti ìlú mìíràn ń bọ̀, wọ́n fẹ́ ká ohùn sílẹ̀ ránṣẹ́ sílé. A yá ámúpù mìíràn tí ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ pé, a tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ìkùn náà sì padà wá bí onígbèsè tó gbàgbé ìtìjú. Màmá mọ ohun tó lè wò ó: kí ámúpù àti míkísà jọ mu iná láti orísun kan ṣoṣo. Àmọ́ wáyà tí a ní kò gùn tó láti gba ìdí ògiri, àárín ilé ló máa gbà kọjá, níbi tí ìjọ á ti máa jó lọ síbi pẹpẹ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Ṣọlá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká gé ẹsẹ̀ kan, fún ọjọ́ kan péré. Àwọn àgbà ìjọ bẹ̀ wọ́n. Ìyá mi pàápàá ní, ẹlòmíràn ló máa ta gìtá, kó máà fẹnu kan máìkì. Ẹ rántí pé obìnrin tí kò lè jókòó nínú ilé tí fìríìjì ti ń kùn ni wọ́n ń bẹ̀. Wọ́n ní rárá.

Bẹ́ẹ̀ ni ìkórè ṣe kùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo jókòó ti Màmá, mo ń rí i bí wọ́n ṣe ń fún eyín pọ̀, bí ẹni tí wọ́n ń fa ẹ̀gún yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àlejò àgbà kan dúró láti wàásù, ó dẹtí, ó wá béèrè pé ta ló wà nídìí ẹ̀rọ yìí, ta ló fi irú ariwo báyìí ṣe ìkórè Ọlọ́run. Ṣọlá tẹrí ba. Màmá di àga mú, wọ́n dìde nínú sùtánà wọn, wọ́n ní, "Èmi ni mo gbé e wọlé, sà. Ẹ jẹ́ kó máa kùn." Wọ́n jókòó. Àlejò náà ṣí Bíbélì rẹ̀. Mo yíjú padà, mo rí Fúnkẹ́ lórí ìjókòó tó kẹ́yìn pátápátá, kò mú gìtá dání, ó ń wò wọ́n. N kò tíì fẹ́ràn ẹnikẹ́ni bí mo ṣe fẹ́ràn Màmá lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ìkórè, Sipho bá wa kan wáyà gígùn kan mọ́ ìdí ògiri, láti ẹnu ọ̀nà dé ibi tí akọrin ń dúró sí, gbogbo ẹ̀rọ wá ń mu iná láti orísun kan. Ìkùn náà kú, ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì pé. Màmá kí Sipho títí ó fi ní, "Shap, Gogo, shap," pé ó ti tó, ìyá àgbà. Àmọ́ Fúnkẹ́ kò tíì padà sínú akọrin. Ní ọjọ́ Sátidé kan, Màmá wọ taxi, wọ́n lọ sí fúláàtì rẹ̀ láìsọ fún ẹnì kankan. Ohun tí Fúnkẹ́ sọ fún mi ni pé wọn ò wàásù fún òun rárá. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbọ́ ilé, wọ́n ká páálí sábẹ́ ẹsẹ̀ kan fìríìjì rẹ̀ kó má bàa gbọ̀n mọ́, wọ́n jókòó, wọ́n sì ní, "Ó yá, sọ bí ìyá rẹ ṣe rí fún mi." Ó sọ ọ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Ó padà sídìí gìtá. Ohùn rẹ̀ kò bàjẹ́, àmọ́ ó máa ń jìnnà sí máìkì bí ẹni tí ajá ti bù jẹ rí, bó ti wù kí Ṣọlá bẹ̀ ẹ́ tó. Màmá ní kí Ṣọlá fi í sílẹ̀, kó kàn gbé bọ́tìnì sókè díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe rí títí wọ́n fi lọ.

Iléṣà ni a sin wọ́n sí. Nígbà tí ìyá mi bu iyẹ̀pẹ̀ lé wọn, ó ní kí wọ́n má jọ̀kùn, kí wọ́n má jekòló, ohun tí wọ́n bá ń gbọ́ lọ́run ni kí wọ́n bá wọn gbọ́. Mo rẹ́rìn-ín létí sàréè, ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan sì wò mí burúkú.

Nígbà tí a padà dé Johannesburg, ìjọ ṣe ìsìn ìrántí fún wọn. Ṣọlá yí gbogbo bọ́tìnì wálẹ̀, ó gbé wọn dìde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò kánjú. Fúnkẹ́ gbé gìtá kọ́rùn, ó wá na ìka kan sókè. "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ilé ná," ló wí. A dákẹ́. Taxi kan fọn fèrè níta lẹ́bàá robot, iná tó ń darí ọkọ̀. Ọmọ kan wúkọ́. Láti inú sípíkà, kò sí nǹkan kan.

Fúnkẹ́ sún mọ́ máìkì, ó tún sún mọ́ ọn, títí ètè rẹ̀ fi kàn án. Ó bẹ̀rẹ̀ orin. Kó tó dé ẹsẹ orin kejì, omijé ti ń dà lójú rẹ̀ wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀, kò sì dúró nù ún. Mo wo ìdí ògiri. Ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì náà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì.